Ẹni Tó Ń Mí Lẹ́yìn Ọkọ̀ Tísà Àgbà

Mi ò mutí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rò nìyẹn. Mi ò mutí, oorun ò kùn mí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe inú òru ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́, àwọn ọmọ iléèwé ti ń wẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán báyìí, kí n lè ráyè sọ ohun tí ojú mi rí.

Mẹkáníìkì ni mí ní Aramọkọ. Mi ò ní í dárúkọ ara mi, torí mo ṣì ní oníbàárà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wò mí bí ẹni tó ń bá òkú ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ láti Ìjerò títí dé Ẹfọ̀n, wọ́n á sọ fún yín pé ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ṣì ń bọ̀ lójú títì báyìí, ó ti gbọ́ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Èmi ni. Mi ò fi fọ́nnu o. Ó dáa, mo fi fọ́nnu díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí wọ egungun nígbà tó ń lọ lọ́wọ́.

Ọkọ̀ Tísà Àgbà ni ọkọ̀ tí mò ń sọ. Tísà Àgbà ti kú láti bí ọdún mẹ́ta. Ọmọ Ẹfọ̀n ni, ṣùgbọ́n Aramọkọ ló ti kọ́ ọmọ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ náà ló kọ́lé sí. Ó kọ́ èmi náà. Ó nà mí dáadáa nítorí ìṣirò. Nígbà tó kú, Ẹfọ̀n ni wọ́n gbé e lọ sin. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, tí òun náà ti ṣe tísà rí, ló kù nínú ilé pẹ̀lú ọkọ̀ náà.

Àgbà ọkọ̀ ni, aláwọ̀ eérú, ti ayé ìgbà tí kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ kabúrétọ̀ ni wọ́n fi ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Màmá ló ń wà á fúnra rẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, á jókòó síbẹ̀, á na ọrùn, á fi ọwọ́ méjèèjì di sítẹ́rìn mú, kò sì ní í yà fún ẹnikẹ́ni. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, tí kò tiẹ̀ ní ibi tó ń lọ, á lọ jókòó sínú rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ó sọ fún mi nígbà kan pé òórùn ọkọ òun ṣì wà lára àga iwájú. Òórùn epo nìkan ni imú tèmi gbọ́, ṣùgbọ́n ta ni mí tí n óò bá a jiyàn.

Òórùn epo náà ló tiẹ̀ di ẹjọ́ lọ́jọ́ kan. Ó ní bí òun bá ti rọ epo kún tí òun sì ń gun òkè, epo máa ń jò láti ẹnu táńkì, á sì kún inú ọkọ̀. Mo wò ó, mo rí i pé rọ́bà abẹ́ ìdérí táńkì ti jẹrà. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe. Mo mú ọ̀rá píọ̀-wọ́tà kan, mo fọ̀ ọ́, mo ṣẹ́ ẹ po sí méjì, mo fi bo ẹnu táńkì, mo sì fi ìdérí dé e mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin. Òórùn bá lọ. Màmá ní, "Ọlọ́un á bù sí uṣẹ́ ọwọ́ rẹ." Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti gbàgbé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kú o. Láàárọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti jí. Ó dúró lójú kan, ó ń ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ lè gbé ife omi lé e lórí. Láàárín ìlú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá oríta tí wọ́n ti ń yà sí Òkè-Ìmẹ̀sí, tó dojú kọ òkè Ẹfọ̀n, á bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Á fà sẹ́yìn, á fò síwájú. Bẹ́ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn, á tún máa rẹ̀ sí i ni. Bó bá sì fi dé kọ́nà kan báyìí, níbi tí òkúta wà lápá kan, tí kòtò jíjìn wà lápá kejì, á kú pátápátá. Ẹ óò jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ó ti jí, bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ purọ́ mọ́ ọn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá Màmá dúró sí kọ́nà yẹn. Kọ́nà kan náà ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, òjò ń rọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a láti ẹ̀yìn.

Ìyẹn ló gbé Bọ̀dá Fẹ́mi, àkọ́bí rẹ̀, wá láti Ìbàdàn. Kò pariwo. Ó kàn jókòó nílé, ó ránṣẹ́ pè mí, ó sì ní níwájú mi, "Màmá, ó tó. Mo ti bá àwọn tó ń gé ọkọ̀ àlòkù sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Màmá ò sunkún. Ó ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà ni ìsìn ìrántí bàbá wọn ní Ẹfọ̀n. Bí ọkọ̀ yìí bá gbé òun lọ, tó gbé òun bọ̀, tí kò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́ títí òun náà yóò fi lọ. Bó bá kú, kí wọ́n wá gé e. Bọ̀dá Fẹ́mi gbà. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó dá a lójú pé ọkọ̀ á kú.

Màmá sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ má baà gbọ́. "Ẹnjinníà, inú ọkọ̀ yìí ni bàbá ti bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, nígbà tí mò ń gbé e lọ sí ọsibítù. Má jẹ́ kí wọ́n gé e." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo ṣiṣẹ́. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo tú kabúrétọ̀, mo fọ̀ ọ́, mo tún tú u, mo tún fọ̀ ọ́. Mo pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa epo wá síwájú. Mo sọ táńkì kalẹ̀, mo fọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù, mo sá a sóòrùn, mo dá a padà, mo sì tún fi ọwọ́ ara mi tẹ́ ọ̀rá yẹn sí ẹnu rẹ̀ dáadáa, mo dé e. Ẹ má gbàgbé pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn náà ni mo wá gbà pé kọ́ìlì ló ń ṣe é. Kọ́ìlì ló ń fún púlọ́ọ̀gì níná. Bó bá ti ń gbó, bó bá gbóná á dákú, bó bá tutù á jí. Ó bá gbogbo rẹ̀ mu. Mo ra òmíràn ní Adó, mo dè é mọ́ ọn, mo ń súfèé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní àárọ̀, mo rọ epo kún táńkì, mo gbé e jáde. Ẹ mọ bí òkè Ẹfọ̀n ṣe máa ń rí lásìkò òjò. Ìkùukùu ti sọ̀kalẹ̀ sójú títì, funfun báláú, ẹ ò rí ju ibi tí iná ọkọ̀ yín dé lọ. Mo kọjá oríta. Mo ń kọrin. Bí mo ṣe ní kí n gba kọ́nà yẹn, ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó kú.

Mo fi òkúta há táyà, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fa wáyà púlọ́ọ̀gì kan, mo fi sún mọ́ irin, mo yí kọ́kọ́rọ́. Iná ń ta, aláwọ̀ búlúù, iná tó dáa. Kì í ṣe kọ́ìlì nìyẹn. Mo tú okùn epo tó wọ inú kabúrétọ̀. Ó gbẹ. Táńkì kún dé ọrùn, síbẹ̀ ẹ̀kán epo kan ò dé iwájú.

Ibi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ni mo wà tí mo fi gbọ́ ọ. Ẹnì kan mí lẹ́yìn ọkọ̀.

Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Èémí ni, èémí gígùn, bí ti ẹni tí wọ́n ti fi ọwọ́ dí lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́ tí wọ́n wá jù ú sílẹ̀. Mo ní, "Ta nìyẹn?" Mo di sípánà mú, mo rọra yí lọ sẹ́yìn.

Kò sí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìdérí táńkì ti tú, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹ̀fun funfun kan wà lára rẹ̀. Mo fi àkísà nù ún kúrò. Mo sọ fún ara mi pé èmi ni mi ò dé e dáadáa, mo tún un dé, mo sì fún un le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí. Mo yí i padà, mo gba ọ̀nà ilé. Mi ò kọrin mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, mo tún padà lọ. Ọ̀sán gangan ni, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Mo ti fi àkísà tútù di ẹ̀rọ epo, torí mo ní bóyá ooru ẹ́ńjìnnì ló ń sọ epo di afẹ́fẹ́ nínú okùn rẹ̀. Ibi kan náà ló kú sí. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sọ̀kalẹ̀. Mo tìlẹ̀kùn mọ́ra, mo jókòó, mo ń wo gíláàsì ẹ̀gbẹ́.

Mo rí apá kan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mo ní mo rí apá kan. Apá ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí wọ́n lọ̀ dáadáa, tí òjò ò sì pa. Ọwọ́ àgbàlagbà ló jáde láti inú rẹ̀, ó lọ tààrà sí ìdérí táńkì, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n yí. Lẹ́yìn náà ni mo tún gbọ́ èémí yẹn.

Gbogbo irun ara mi ló dìde. Mo ń pe Jésù nínú ọkàn mi.

Nígbà tí mo fi ní ìgboyà láti jáde, ibẹ̀ ti ṣófo. Ọlọ́kadà kan ló ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹfọ̀n pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró, ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o, ọ̀gá. Bàbá yín dà?"

Mo ní, "Bàbá wo?"

Ó ní, "Bàbá oníṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mo rí wọn láti òkè lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sídìí táńkì yín." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo inú kòtò. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó tẹ iná ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì já bọ́, kò padà wá mú wọn.

Mo gbé ọkọ̀ dé ilé Màmá pẹ̀lú ìpinnu kan ṣoṣo. Mo fẹ́ sọ fún un pé mi ò ṣe mọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà jọ lẹ́nu. Ó jókòó lórí pèpéle, ó ń lọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ìsìn náà. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí ẹ lẹ́nu?" Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Màmá." Ojú ara mi tì mí. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló kù. Bí mo bá kùnà, wọ́n á gé ọkọ̀ náà, Màmá á sì máa wo abẹ́ igi máńgòrò tó ṣófo títí ayé rẹ̀. Mo gbàdúrà. Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí mo ti kọjá oríta. Ìkùukùu tún ti bo gbogbo rẹ̀. Ó wúkọ́. Mo sọ fún un pé, "Kú nígbà náà." Ó kú.

Mi ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo sọ̀kalẹ̀, mo dúró síwájú ọkọ̀, mo dojú kọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rí òjìji ènìyàn nínú ìkùukùu, ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀ ní èjìká. Èèyàn kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó máa ń dúró báyẹn níwájú kíláàsì. Ẹsẹ̀ mi para pọ̀ fúnra wọn, bí ti ọmọ iléèwé.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ohùn kan sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni pé inú etí mi gan-an ló wà, "Jẹ́ kó mí."

Lẹ́yìn náà, ìkùukùu nìkan ló kù.

Mo rìn lọ sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìdérí ò tú. Ó wà bí mo ṣe dé e, ó le. Mo rí àmì ìka mẹ́ta lára rẹ̀, funfun, mo sì wá mọ ohun tó jẹ́. Ṣọ́ọ̀kì ni. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń kọ̀wé sára pátákó.

Mo fi ọwọ́ ara mi yí ìdérí náà. Ó ṣòro, nǹkan kan ń fà á mọ́lẹ̀. Bó ṣe tú, ọkọ̀ náà mí. Níwájú mi báyìí. Èémí gígùn yẹn gan-an ni, àmọ́ nísinsìnyí tí mo sún mọ́ ọn ni mo tó gbọ́ pé kì í ṣe pé ó ń mí jáde. Ó ń mí sínú.

Mo wo ẹnu táńkì. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà mi ti wọlé lọ sọ́fun rẹ̀, ó fún mọ́lẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń mu ọmú. Mo yí ìdérí padà, mo gbé e sókè. Láàárín gbùngbùn rẹ̀, ihò kékeré kan wà, ihò abẹ́rẹ́, tí ẹnì kan fi ọwọ́ lu. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé dípò epo tó bá jáde. Èmi ni mo fi ọ̀rá dí i. Bí epo ṣe ń lọ tí afẹ́fẹ́ ò wọlé, táńkì á bẹ̀rẹ̀ sí fa epo náà padà mọ́ra, kò ní í jẹ́ kó lọ síwájú mọ́. Láàárín ìlú, a máa ń ṣí i rọ epo díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi kú níbẹ̀. Bí a bá sì ti rọ ọ́ kún láti Aramọkọ, kọ́nà yẹn ni èémí rẹ̀ máa ń tán sí. Bó bá sì sinmi díẹ̀, afẹ́fẹ́ á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá wọlé, á tún jí.

Gbogbo kabúrétọ̀ tí mo fọ̀. Gbogbo púlọ́ọ̀gì. Èmi tí mò ń gbọ́ àìsàn ọkọ̀ láti ojú títì. Mo jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́ rárá. Mo rún ọ̀rá yẹn mọ́wọ́, mo sọ ọ́ sínú kòtò, mo rí i bó ṣe ń fò lọ títí ìkùukùu fi gbé e mì.

Mo dé ìdérí lásán, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo gun òkè. Ẹ bá mi yọ̀. Ọkọ̀ náà gun òkè Ẹfọ̀n bí ọmọ ogún ọdún. Mo dé inú ìlú, mo yí padà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba kọ́nà yẹn kọjá, mo sì ń tẹ fèrè ní ìgbà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gbé ìyàwó. Nígbà tí mo délé, mo gé rọ́bà tíúbù sí òbírí, mo lu ihò sí àárín rẹ̀, mo fi sábẹ́ ìdérí náà. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú, Màmá ló wa ọkọ̀. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bọ̀dá Fẹ́mi tẹ̀ lé wa nínú ọkọ̀ tirẹ̀ tó ń dán, pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ nínú búùtù. Mo rí okùn náà. Epo kún dé ọrùn. A kọjá oríta. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú gbogbo ara mi, kò wúkọ́, kò kọsẹ̀. Nígbà tí a dé kọ́nà yẹn, Màmá dín eré kù, ó tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì, kélékélé, bí ẹni tó ń kí aládùúgbò. Mi ò bi í ní ìdí. A kọjá.

Bí a ṣe yọ sí ọgbà ìjọ, àwọn èèyàn tó mọ ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà obìnrin ń jó wá pàdé Màmá. Ó pa ọkọ̀, ó tún yí kọ́kọ́rọ́, ó jí, ó tún pa á, kí ọmọ rẹ̀ lè rí i dáadáa. Nígbà tí a sì tún padà dé Aramọkọ láìjẹ́ pé ọkọ̀ kú lẹ́ẹ̀kan, Bọ̀dá Fẹ́mi bọ̀ mí lọ́wọ́, ó fi fóònù pe àwọn tó ń gé ọkọ̀ níwájú gbogbo wa, ó ní kí wọ́n má wá mọ́. Ayọ̀ tó wà nínú mi lọ́jọ́ náà, mi ò ní irú rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ yìí.

Màmá ló bi mí, nígbà tó ku èmi àti òun. "Kí ló ti ń ṣe é?" Mo jẹ́wọ́ ọ̀rá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ nípa ihò abẹ́rẹ́.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ nípa ihò yẹn?"

Mo ní mo rí i ni.

Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé olè jí ìdérí rẹ̀ gangan nígbà tí Fẹ́mi ṣì wà lẹ́yìn mi? Èyí tí a rà dípò rẹ̀, ike ni, kò sì ní ihò. Ó ń pa ọkọ̀. Kọ́nà yẹn ló dá wa dúró sí. Bàbá gba abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ́wọ́ mi, ó fi ìṣáná jó o, ó lù ú níbẹ̀, lójú títì." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Ó ní, 'Jẹ́ kó mí.' Àfi Fẹ́mi tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀, èmi àti òun nìkan la wà níbẹ̀."

Mi ò tíì sọ fún un di òní ohun tí mo gbọ́ nínú ìkùukùu. Bó bá ka èyí, á mọ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo ṣí àpótí irinṣẹ́ mi, èyí tí mo fi kọ́kọ́rọ́ tì fúnra mi. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà kan wà lórí àwọn sípánà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti sá a gbẹ, wọ́n ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin bí ìwé ìdánwò tí tísà ti máàkì tán. Òórùn epo ṣì ń jáde lára rẹ̀ díẹ̀. Àmì ṣọ́ọ̀kì wà lára rẹ̀, tíìkì kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀rá dí ẹnu táńkì, ẹ lọ yọ ọ́ lónìí. Bí ọkọ̀ yín bá sì kú ní kọ́nà yẹn, tí ẹ gbọ́ tí ẹnì kan ń mí lẹ́yìn yín, ẹ má sá, ẹ má sì pariwo mọ́ ọn. Ẹ kí i, ẹ pè é ní sà, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó bá sọ.

Ní tèmi, mo ti gbé ọ̀rá náà kọ́ sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ kan wá báyìí, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wẹ̀yìn, torí mo mọ̀ pé Tísà Àgbà ṣì ń yẹ iṣẹ́ mi wò.